Òfin Gọ́ọ̀fù Kò Bá Ẹ̀wù Ọmọ Yín Jà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 13, ó sì ti ń kọ́ gọ́ọ̀fù láti bí ọdún kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú un lọ sí pápá ẹgbẹ́ kan tí a kò tíì dé rí. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá wa dúró, wọ́n ní ẹ̀wù rẹ̀ kò ní kọ́là. Ẹ̀wù náà mọ́, kò ya, ẹ̀wù eré ìdárayá gan-an ni. Wọ́n ní ká ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù wọn tàbí ká máa lọ. A rà á, ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù níbẹ̀ ṣì tóbi jù fún un. Gbogbo ihò mẹ́sàn-án tó gbá lọ́jọ́ náà, apá ẹ̀wù ló ń fà sókè kó tó lè gbé ọ̀pá. Nígbà tí a délé, ó ní òun ò lọ mọ́. Ṣé òfin gọ́ọ̀fù nìyẹn, àbí òfin ti ara wọn? Nínú àwọn òfin àtijọ́ tó kún inú eré yìí, èwo ló yẹ ká gbà, èwo ló yẹ ká bá wọn fà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira, ìyá ọmọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe adájọ́ nínú ìdíje gọ́ọ̀fù, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n apá ẹ̀wù tí ọmọ ń fà sókè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà yín. Ẹni tó bá ti gbá gọ́ọ̀fù rí mọ̀ pé nígbà tí ọ̀pá bá ń gòkè kọjá èjìká, aṣọ tó bá dí apá lọ́wọ́ ti ba nǹkan jẹ́ kí ọ̀pá tó sọ̀ kalẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ní kó fi bọ̀wọ̀ fún eré náà ni kò jẹ́ kó rí eré náà ṣe.

Rárá, kì í ṣe òfin gọ́ọ̀fù. Àjọ méjì ló ń kọ òfin tí gbogbo ayé ń lò: R&A tó wà ní St Andrews ní Scotland, àti USGA ní Amẹ́ríkà. Òfin 25 ló wà nínú ìwé wọn báyìí. Ẹ kà á látòkèdélẹ̀, ẹ ò ní bá kọ́là níbẹ̀, ẹ ò ní bá gígùn ṣòkòtò, ẹ ò ní bá àwọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni Òfin 1.2b, tó fún ìgbìmọ̀ tó ń darí eré láṣẹ láti kọ ìlànà ìwà tirẹ̀. Ní ti aṣọ, ẹgbẹ́ tó ni ilẹ̀ ló ń pàṣẹ. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Nítorí náà, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti dá yín dúró. Bóyá ìdí tí wọ́n fi ṣe é mọ́gbọ́n dání, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, òun sì ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àwọn òfin méjèèjì, ti eré àti ti aṣọ, kì í gbó bákan náà. Ti eré ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n bi ara wọn pé kí ni èyí ń ṣe fún wa, kí wọ́n sì yọ èyí tí ìdí rẹ̀ ti tán. Ti aṣọ kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ti kú, àwọn tó ń lò ó bá a lára ògiri, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ló ti wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé.

Ẹ wo bí ti eré ṣe rìn. Òfin àkọ́kọ́ tó wà lákọsílẹ̀, àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Leith lẹ́bàá Edinburgh ló kọ ọ́ ní 1744. Mẹ́tàlá péré ni, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mẹ́nu kan aṣọ. Èyí tó ṣáájú sọ pé kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ kalẹ̀ fún ihò tó kàn ní ibi tí kò jìn ju gígùn ọ̀pá kan lọ sí ihò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, yóò hú koríko tó yí ihò ká, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì pariwo lé e lórí. Títí di 1952, bí èmi àti ẹnì kan bá ń du ihò mọ́ ara wa lọ́wọ́, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì dúró sójú ọ̀nà tèmi, mi ò lè ní kó gbé e, àyàfi bí bọ́ọ̀lù méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Àfi kí n fò ó tàbí kí n yí i po. Stymie ni wọ́n ń pè é. Àwọn ògbóǹtarìgì wà tó fẹ́ràn rẹ̀, Bobby Jones pàápàá wà lára wọn. Síbẹ̀, wọ́n pa á rẹ́.

Ní 2019, wọ́n tú gbogbo ìwé náà palẹ̀. Òfin 34 di 24, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan tún kún un. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi ń wá bọ́ọ̀lù tó sọnù di mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù tí a ń jù sílẹ̀ láti èjìká, orúnkún la ti ń jù ú báyìí. Ẹ lè fi òpó àsíá sílẹ̀ nínú ihò kí ẹ máa gbá bọ́ọ̀lù lọ bá a. Kékeré kọ́ ni gbogbo èyí fún ọmọdé tó ń kọ́ eré, torí pé ó ń mú kí ọjọ́ yá, kò sì sí jìnnìjìnnì àṣìṣe kéékèèké tó ń kó ìyà wá.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn adájọ́ tuntun, ó sì kan aṣọ. Ní 1987, ní Torrey Pines ní California, bọ́ọ̀lù òṣèré kan tó ń jẹ́ Craig Stadler wọ abẹ́ igi kan. Ẹ̀ka igi náà rẹlẹ̀ débi pé àfi kó kúnlẹ̀. Ilẹ̀ tutù. Ó tẹ́ táwẹ̀lì sílẹ̀ kí ṣòkòtò rẹ̀ má baà tutù, ó kúnlẹ̀ lé e, ó gbá bọ́ọ̀lù jáde, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, tẹlifíṣọ̀n tún un fi hàn, àwọn òǹwòran sì tẹ̀ wọ́n láago pé ó ti ṣe ibi ìdúró fún ara rẹ̀, ohun tí òfin kò gbà. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí iye gbígbá rẹ̀ kéré jù ló ń borí; àmì ìyà méjì ló yẹ kí wọ́n fi kún iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ sí káàdì tó kọ iye gbígbá rẹ̀ sí láìka méjì yẹn mọ́ ọn, ẹni tó bá sì fọwọ́ sí káàdì tí iye rẹ̀ dín ti jáde nínú ìdíje nìyẹn. Ó wà lára àwọn tó gbé ipò kejì. Owó tó lé ní $37,000 bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí orúnkún ṣòkòtò. Ní 1995, nígbà tí igi náà ń kú lọ, wọ́n ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá wọn gé e lulẹ̀. Ó lọ, ó sì gé e.

Kò ré ẹnikẹ́ni jẹ. Kò sí ẹni tó rò pé táwẹ̀lì yẹn ló mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ síwájú. Irú ìyà bẹ́ẹ̀ ló ń dun àwọn aṣòfin lọ́kàn títí wọ́n fi ṣe nǹkan sí i. Ní 2016, wọ́n dẹ òfin náà díẹ̀: ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀ kò ní jáde nínú ìdíje mọ́, àmì méjì mìíràn ni wọn yóò fi kún ti àkọ́kọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ti Lexi Thompson ṣẹlẹ̀. Ó ń ṣíwájú nínú ọ̀kan nínú ìdíje tó tóbi jù fún àwọn obìnrin, ó ku ihò mẹ́fà, ni wọ́n bá wá sọ fún un pé òǹwòran kan ti fi í-meèlì ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, lórí ihò 17, kò gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ padà sójú ibi tó ti mú un gan-an. Àmì méjì fún ìyẹn, méjì fún káàdì tó ti fọwọ́ sí. Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. So Yeon Ryu ló borí rẹ̀ nínú ihò àfikún. Láti oṣù kìíní ọdún 2018, wọn kò gba ẹ̀sùn òǹwòran mọ́, wọ́n sì pa ìyà káàdì rẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀.

Ó gba ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ó pẹ́ lójú tèmi. Síbẹ̀, wọ́n rí i pé òfin náà ń pa ẹni tí kò ṣẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún rí i pé kò tó, wọ́n tún padà sí i. Ìgbà wo ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kan jókòó bẹ́ẹ̀ ní tìtorí kọ́là?

Òfin aṣọ tó ní ìdí wà o, mi ò ní parọ́. Láyé ọjọ́un, nígbà tí àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù àti àwọn tó ń kọjá lọ jọ ń lo ilẹ̀ kan náà, àwọn ẹgbẹ́ kan ní kí ọmọ ẹgbẹ́ wọ kóòtù pupa, kí ará ìlú lè rí wọn lókèèrè kí wọ́n sì ṣọ́ra fún bọ́ọ̀lù. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fòfin de bàtà oníṣòó irin, torí pé ìṣó náà ń fa koríko tó yí ihò ká ya. Ẹ lè na ìka sí ohun tí òfin yẹn ń dáàbò bò. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ kí ẹ fọwọ́ kàn án.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ní 1933, nínú ìdíje àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Westward Ho!, Gloria Minoprio jáde pẹ̀lú ọ̀pá kan ṣoṣo, ó sì wọ ṣòkòtò. Síkẹ́ẹ̀tì ni àwọn yòókù wọ̀. Àjọ tó ń darí gọ́ọ̀fù àwọn obìnrin kọ̀wé jáde pé àwọn kò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni yà kúrò nínú aṣọ àbáláyé eré náà. Aṣọ àbáláyé yìí ni ìran tó ṣáájú Minoprio ti fi jìyà: bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé síkẹ́ẹ̀tì gígùn wọn, wọn kì í rí bọ́ọ̀lù mọ́, débi pé wọ́n ń fi rọ́bà dè é mọ́ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó gbá a. Lónìí, obìnrin tó wọ ṣòkòtò wọ pápá, kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan.

Ó tiẹ̀ ti wá dorí kodò. Àwọn obìnrin tó fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ ń fi ṣòkòtò péńpé díje, àwọn ọkùnrin ni wọn kò gbà fún. Nínú àwọn ìdíje ńlá wọn, European Tour gbà á fún wọn lọ́jọ́ ìdánrawò ní 2016, PGA Championship ní 2017, PGA Tour ní 2019, ṣùgbọ́n bí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣòkòtò gígùn ni. LIV Golf ló gbà á nínú ìdíje fúnra rẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2022. Ẹ wo kádì, ẹni tó ń bá òṣèré gbé àpò ọ̀pá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣèré PGA Tour lábẹ́ oòrùn kan náà: ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, tipẹ́tipẹ́ ló sì ti ń wọ̀ ọ́. Bí ẹsẹ̀ kádì kò bá ba iyì eré jẹ́, báwo ni ti òṣèré ṣe máa bà á jẹ́?

Ní ti kọ́là, Tiger Woods wọ ẹ̀wù ọrùn gíga tí kò ní kọ́là ní pápá Augusta National ní Amẹ́ríkà ní 2005, lọ́jọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ koríko ihò 16, tó yí wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó dúró létí ihò bí ẹni ń ronú, kó tó já sínú. Kò sí pápá tí ìlànà rẹ̀ le ju ti Augusta lọ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n gbà á níbẹ̀. Bí ọmọ yín bá wọ irú ẹ̀wù kan náà dé ẹnu ọ̀nà tí ẹ dé yẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà.

Mo mọ ohun tí àwọn tó ń gbèjà òfin yìí máa ń sọ, torí èmi náà ti sọ ọ́ rí: ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tó wọ aṣọ ìdọ̀tí wá sáàárín èèyàn, ó ti tàbùkù ara rẹ̀ àti àwa tó bá. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yín sọ pé ẹ̀wù ọmọ náà mọ́, kò ya, ó sì bá iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe mu. Ohun tí òwe yẹn ń béèrè, ó ti mú un wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nínú iṣẹ́ yìí, ẹgbẹ́ kan fi mí sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìdíje. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá wọ ṣòkòtò péńpé gbọ́dọ̀ fa ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún. Ọkùnrin kan wá, ìbọ̀sẹ̀ funfun tirẹ̀ kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Mo ní kò lè wọlé. Kò bínú. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹsẹ̀ mi fẹ́ fi koríko yín ṣe?” Mi ò ní èsì. Mo tún òfin náà kà fún un láti ara ògiri, lọ́rọ̀ kan náà. Ó gbé àpò rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó sì lọ. Ojú rẹ̀ ṣì wà lójú mi. Láti ọjọ́ náà, òfin tí mi ò bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn sí, mi ò gbèjà rẹ̀ mọ́.

Ohun mìíràn tún ń ká mi lára nínú ọ̀rọ̀ yìí. Títí di 1961, ìwé òfin PGA of America, ẹgbẹ́ àwọn tó fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, sọ pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Augusta National kò gba obìnrin títí di 2012, ẹgbẹ́ àgbà St Andrews títí di 2014. Ní 2016, àwọn ará ẹgbẹ́ Muirfield ní Scotland dìbò, iye tó yẹ kó gba obìnrin wọlé kò pé; R&A ní kò sí ìdíje ńlá Open ní pápá wọn mọ́, wọ́n sì tún ìbò dì ní 2017. Mi ò sọ pé ẹni tó dá ọmọ yín dúró kórìíra ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti pẹ́ ní títì báyìí, bí wọ́n bá sọ fún ọmọdé níbẹ̀ pé ẹ̀wù rẹ kò bá tiwa mu, ohun tí ọmọ náà máa gbọ́ ni pé ìwọ gan-an kò bá wa mu.

Ẹ má sì jẹ́ kó sọ gbogbo òfin nù nítorí èyí. Àwọn kan wà tí mo fẹ́ kó mú bí ẹyin. Kó má sọ̀rọ̀ bí ẹlòmíràn bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Kó tún ojú ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bà sí lórí koríko ṣe, kó fi réèkì tẹ́ yanrìn padà bó bá jáde nínú kòtò rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá yà sọ́dọ̀ èèyàn, kó ké “Fore!” tagbáratagbára, kó má tijú, torí bọ́ọ̀lù yẹn lè fọ́ orí. Kó má fi àwọn tó wà lẹ́yìn dúró. Kó sì ka àmì ara rẹ̀ pẹ̀lú òótọ́. Ní US Open 1925, bọ́ọ̀lù Bobby Jones mira díẹ̀ nígbà tó fẹ́ gbá a. Kò sí ẹlòmíràn tó rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi àmì ìyà kan kún tòun, àmì kan yẹn ló sì sọ ọ́ di ẹni tó ní láti tún ihò gbá pẹ̀lú Willie Macfarlane, tó sì pàdánù. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún un.

Nínú ìwé òfin fúnra rẹ̀, ọ̀kan ṣì wà tí mi ò fara mọ́: bọ́ọ̀lù tó bà sójú ibi tí ọ̀pá ẹlòmíràn ti gbẹ́ koríko kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n gé dáadáa, ibẹ̀ ni kí o ti gbá a. Èmi ì bá ti yí i padà lánàá. Ẹ̀yin náà lè béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ bá ń lọ bóyá wọ́n ti gba Òfin Àdúgbò E-5. Láti 2019 ló ti wà. Bí bọ́ọ̀lù bá sọnù tàbí tó jáde kúrò nínú pápá, ọmọ lè ju òmíràn sílẹ̀ nítòsí ibẹ̀ pẹ̀lú àmì ìyà méjì, dípò kó rìn padà síbi tó ti gbá èyí àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ ọmọdé á dúpẹ́.

Ní ti ẹgbẹ́ tó dá yín dúró, ẹ má bá ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà jà. Ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ló ń ṣe, bí èmi náà ti ṣe rí. Ẹ kọ lẹ́tà sí alága àti ìgbìmọ̀. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi, ẹ má yọ ti apá ẹ̀wù yẹn kúrò. Ẹ bi wọ́n pé kí ni kọ́là ń dáàbò bò. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tó rọrùn láti gbà: kí wọ́n yọ ọmọdé kúrò nínú òfin náà, tàbí kí wọ́n tọ́jú ẹ̀wù díẹ̀ tí ọmọdé lè yá, tí ó sì bá ara ọmọdé mu, kí wọ́n sì jẹ́ kí àlejò mọ òfin aṣọ kó tó kúrò nílé. Mo ti rí ìgbìmọ̀ tó kọ̀ láti pa òfin rẹ́ ṣùgbọ́n tó gba irú èyí láàárín ìpàdé kan. Bí wọ́n bá ní “bó ṣe wà nìyẹn,” a jẹ́ pé ẹ ti gbọ́ ìdáhùn wọn. Pápá mìíràn wà.

Ẹ má fipá mú ọmọ náà lọ sí pápá ńlá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń dánrawò, níbi tí kò sẹ́ni tó ń wo ọrùn ẹnikẹ́ni. Kó wọ ẹ̀wù tirẹ̀, èyí tí wọ́n dá a padà nítorí rẹ̀. Kó gbé ọ̀pá sókè kọjá èjìká láìfi ọwọ́ kan apá ẹ̀wù, kó sì gbá a títí ọwọ́ rẹ̀ á fi rántí bó ṣe rí.